Àmì Ṣọ́ọ̀kì Kan Tó Kù: Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Bàbá Ṣọ́ọ̀kì

Láti ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ọkọ̀, ní orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìkànkọ̀ ojú omi yìí.

Ìyá wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ọmọ Bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó ti rẹ ọkàn wa dé egungun ni a fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú ọkọ yín, bàbá yín, àgbà ayàwòrán wa, ẹni tí gbogbo ọgbà yìí ń pè ní Bàbá Ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti kọ ọ́ tí a sì fà á ya. Èyí àkọ́kọ́ dùn jù. Ó kún fún ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ nípa gbogbo òkú: ó ṣiṣẹ́ takuntakun, ó jẹ́ olóòótọ́, àlàfo rẹ̀ kò ṣeé dí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò dáhùn ohun tí ẹ bi wá.

Ìyá wa, ní ọjọ́ kẹrin tí Bàbá ṣaláìsí, ẹ wá sí ọ́fíìsì wa. A fún yín ní àga, ẹ kò jókòó. Ẹ mú ìwé kúẹ́rì tí ilé iṣẹ́ yìí kọ sí Bàbá jáde nínú báàgì yín, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ na ibi tó ti ká. Ẹ wá ní: "Mi ò wá torí pósí, mi ò sì wá gbọ́ 'ẹ pẹ̀lẹ́'. Ẹ kàn sọ fún mi: ṣé ọkọ mi ba ọkọ̀ yín jẹ́ ni, àbí kò bà á jẹ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé lẹ fi bú u, ìwé náà ni kẹ́ ẹ fi dáhùn." Lẹ́yìn náà ẹ tún yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká lórí, ẹ ní abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ lẹ ti bá a, ẹ sì béèrè ohun tó jẹ́. Ẹni tó ń bu omi fún yín dá kọ́ọ̀bù dúró lọ́wọ́.

Ìdáhùn wa rèé, kí á tó sọ ohunkóhun mìíràn: Bàbá kò ba ọkọ̀ jẹ́. Òun ló gbà á là. Àwa la jẹ̀bi. Ìyókù ìwé yìí, àlàyé ni, kí ẹ̀yin ọmọ lè mọ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá lò pẹ̀lú wa. Nígbà tó dé, ilé ìlà ni ọkàn ọgbà yìí. Yàrá gígùn kan ni lókè, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó tí a kùn ní dúdú, kò sí àga, kò sí tábìlì, fèrèsé ló yí i ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkọ̀ sílẹ̀, ní ìwọ̀n bó ṣe máa tóbi gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó gé irin. Ẹni tó bá máa wọlé á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà. Ìbọ̀sẹ̀ ni Bàbá fi ń rìn lórí ìlà, ìbọ̀sẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti di àlẹ̀mọ́ lórí àlẹ̀mọ́. Ìyá wa, a mọ ọwọ́ yín lára rẹ̀. Bí àlejò bá sì rìn gbẹ̀rẹ̀ kọjá, á ké sí i pé: "Ẹ rọra o, inú ikùn ọkọ̀ lẹ wà yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ jábọ́!"

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn èèyàn ò gòkè lọ síbẹ̀ mọ́. Òun nìkan ló kù, pẹ̀lú páálí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Kò bá kọ̀ǹpútà jà. Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n lò ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fi ń ṣe fáàrí lọ. Àmọ́ gbólóhùn kan wà tó máa ń tún sọ títí a fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìlà kò nípọn. Irin ló nípọn." Bí ọ̀kan nínú wa bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á ní: "Bàbá, kí ló nípọn?" Òun náà á ní: "Agbárí ẹ."

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ní kí á ya irú ọkọ̀ tuntun, irú èyí tí a máa ń da ẹrù sí nínú láì dì í lápò: ọkà, èédú, òkúta irin. Mẹ́fà ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n jọra bí ọmọ ìyá, ikùn tó ń gba ẹrù, márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa ń jiyàn lórí bí ìsàlẹ̀ ikùn náà ṣe yẹ kó dagẹ̀rẹ̀, kí ọkà tó bá ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè yọ̀ lọ sí àárín fúnra rẹ̀, kí ó má di pé èèyàn ń fi ṣọ́bìrì kó o lọ́jọ́ gbogbo. Ìyá wa, ẹ rántí atẹ ìdáná yín tó sọnù fún oṣù méjì, tí ẹ fi bá gbogbo ilé jà? Ọ̀dọ̀ wa ló wà. Bàbá da àgbàdo gbígbẹ sí i, ó ń gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi ìwọ̀n sàmì sí ibi tí àgbàdo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó dán an wò pẹ̀lú àgbàdo tútù, ó dán an wò pẹ̀lú èédú fífọ́, ó dán an wò pẹ̀lú iyanrìn. Ìdagẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ìlà ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lónìí, láti orí atẹ yẹn ló ti wá. A fi atẹ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. A kò fọ àmì ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù le láti kọ, ẹ fara dà á fún wa.

Ikùn kọ̀ọ̀kan ní ẹnu lókè, ibi tí a ń gbà da ẹrù sí i. Ògiri irin kan yí ẹnu náà ká lórí ilẹ̀ tí àwọn atukọ̀ ń rìn, kí ìgbì má baà wọlé. Ògiri mìíràn sì wà lábẹ́ ilẹ̀ náà, tó ń gbé e ró. Ó yẹ kí ògiri òkè jókòó lórí ògiri ìsàlẹ̀ bí orí ṣe ń jókòó lórí ọrùn. Ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya òkè ka ìlà yẹn sí ojú ẹ̀yìn irin, ẹni tó ya ìsàlẹ̀ kà á sí ojú inú irin. Nínú kọ̀ǹpútà, ìlà bá ìlà mu géérégé. Nínú ọgbà, ògiri kan ti yẹ̀ lórí èkejì, ní ìwọ̀n ìka méjì. Ilẹ̀ irin tó wà láàárín wọn bo àṣìṣe náà, ojú kò lè rí i.

Bàbá rí i. Ó gòkè lọ sí ilé ìlà, ó ya igun kan ṣoṣo sílẹ̀, ó kọ́kọ́ yà á láti òkè, ó wá yà á láti ìsàlẹ̀, ó sì bá àlàfo náà níbi tó dúró lé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Nígbà yẹn a ti ń kan ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí a máa tì í sómi. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà. Gbogbo wa tó wà ní yàrá kejì la gbọ́ wọn.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ọ̀gá, ìlà ni kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò. Ta ló yẹ irin wò?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù fún wa."

"Òkun kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró gbọnin. Á gbé e láàárín, á tún fi í sílẹ̀, títí lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Ibi tí orí ò bá ti jókòó lórí ọrùn, ibẹ̀ ni irin á ti ya. Èèyàn mẹ́tàlélógún ni yóò máa gbé inú ẹ̀. Bó bá wá là lórí omi, ọ̀sẹ̀ mélòó la máa fi wá wọn?"

A kò tíì gbọ́ kí Bàbá gbóhùn sókè bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó jáde, ó mú páálí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó gun àkàbà lọ sínú ọkọ̀, ó sì fa àmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu ikùn kọ̀ọ̀kan. Ogún igun, ogún àmì. Ẹ̀yin ọmọ lè má mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí lọ́gbà wa. Láti ìgbà àwọn baba ńlá iṣẹ́ yìí, ibi tí ayàwòrán bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, wẹ́dà kankan kò gbọdọ̀ dáná síbẹ̀. Ọwọ́ tó fa àmì náà nìkan ló lè nù ún. Lọ́jọ́ kejì, àwọn wẹ́dà dé ibi iṣẹ́, wọ́n rí àmì, wọ́n ká wáyà wọn, wọ́n jókòó.

Ọjọ́ yẹn la kọ kúẹ́rì náà. A ní Bàbá di iṣẹ́ lọ́wọ́. A ní ó da ọ̀rọ̀ ogbó mọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. A ní kí ó lọ jókòó sílé títí a ó fi ránṣẹ́ pè é. Wákàtí kan la fi kọ ọ́, ayàwòrán mẹ́rin ló sì fọwọ́ sí i pé àwọn kò rí àṣìṣe kankan. Àwọn mẹ́rin náà wà lára àwọn tó ń kẹ́dùn nínú ìwé yìí. Wọ́n ní kí á má fi í bò.

Lẹ́yìn náà a mú rọ́bà omi, a fọ àmì rẹ̀ dànù. Fóòmàn àwọn wẹ́dà kò fi ọwọ́ kan rọ́bà náà. Ó wá kí Bàbá nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní òun bá Bàbá lórí àga létí fèrèsé, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì ya òun lẹ́nu. Ẹ ní bó ṣe jókòó nìyẹn láti ìgbà tó ti dé. Nígbà tí fóòmàn bi í léèrè, Bàbá ní: "Ìlà wo ló wà nílé tí mo fẹ́ bọ́ bàtà fún?"

Fóòmàn ní: "Bàbá, wọ́n ti fi omi nù ún."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ku ẹyọ kan. Rọ́bà ò dé ibẹ̀."

"Èwo ni?"

"Ikùn kẹta, igun ẹ̀yìn lápá òsì."

"Ó tó," ni Bàbá wí. "Ẹyọ kan tó ẹni tó bá fẹ́ ríran."

Àárẹ̀ tó ṣe é kò jìnnà sí ìgbà yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Àwa ń bá iṣẹ́ lọ. Iná wẹ́dà ń tàn, ọkọ̀ ń ga sí i, òjò ń rọ̀ sórí irin tí a kò tíì kùn. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ohun tó nípọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ lẹ́yìn kúẹ́rì náà, iṣẹ́ dé igun tí àmì kan ṣoṣo yẹn wà. Fóòmàn ní òun kò ní dáná síbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní kí ó ṣe é. Ó ní rárá. Ó wá gbé ẹ̀rọ ìlu-ihò, ó lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ilẹ̀ irin ní ẹsẹ̀ ògiri òkè, kó kan án tímọ́tímọ́, ó sì ti wáyà kan sínú rẹ̀. Bí Bàbá bá ṣi nǹkan rò, ó yẹ kí wáyà náà máa fara ra ògiri ìsàlẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn wẹ́dà, èyí tí a ń pè ní Àǹtí Oníná, dúró nísàlẹ̀ lórí àkàbà.

"Ṣó kan ògiri?" Fóòmàn pariwo láti òkè.

"Kò kan nǹkan kan o!"

"Wò ó dáadáa!"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kò kan nǹkan kan! Afẹ́fẹ́ ló wà. Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́!"

Gbogbo ọgbà gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí ikùn ọkọ̀ òfìfo a máa ró bí agogo. Ó fi ìka sáàárín wáyà àti ògiri náà. Ìka méjì gba ibẹ̀.

Ọjọ́ kan náà la dá iṣẹ́ dúró. A ti tú ogún igun náà, a sì ti tún wọn kàn, ìlà ọkọ̀ márùn-ún tó kù ni a sì ti tún yà. Gbogbo èyí la ṣe kíákíá. Ohun kan ṣoṣo ni a kò ṣe kíákíá, òun ló sì yẹ kó ṣíwájú. Ọ̀gá àgbà ní kí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Bàbá. Ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ní àwọn ayàwòrán ló yẹ kó kọ ọ́. Àwọn ayàwòrán ní ẹni tó fọwọ́ sí kúẹ́rì ló yẹ kó fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀. A sì kìlọ̀ fún gbogbo ọgbà pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Bàbá kí ìwé tó jáde, kí ó lè gbọ́ ọ bó ṣe yẹ. Fóòmàn gbọ́ràn. Ó ní kí á kọ ọ́ síbí pé títí òun fi máa kú, òun kò ní dárí ìgbọràn yẹn ji ara òun. Kúẹ́rì gba wákàtí kan. Ẹ̀bẹ̀ gba ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ṣì wà lórí tábìlì nígbà tí a gbọ́ pé Bàbá ti lọ.

Ìyá wa, ohun tó ń ká yín lára jù nìyí, a mọ̀ ọ́n: pé ó kú láì mọ̀. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ gbé wáyà yẹn lé tábìlì la tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Oníná ló ní wáyà náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, lọ́jọ́ tí ọmọ yín obìnrin àbíkẹ́yìn wá kó ẹrù Bàbá nínú àpótí rẹ̀ níbi iṣẹ́, Àǹtí pè é sẹ́yìn géètì. Ó ti ká orí wáyà náà ní ìwọ̀n àlàfo yẹn gan-an. Ó ní: "Fún Bàbá. Mi ò rán ẹ ní iṣẹ́ kankan o, wọ́n ti ní ká má sọ̀rọ̀. Ṣáà gbé e fún un." Lẹ́yìn tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ wa, a ránṣẹ́ sí ọmọ yín, a bi í léèrè. Ó ní òun kò mọ ohun tí wáyà náà wà fún, ìdí nìyẹn tí òun kò fi sọ fún yín. Ó ní Bàbá gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé ìka rẹ̀ méjì sáàárín ibi tí wọ́n ká, ìka náà sì bá ibẹ̀ mu géérégé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Ìyá wa, ó mọ̀.

Nítorí náà, ilé iṣẹ́ yìí fagi lé kúẹ́rì náà. A ti yọ ẹ̀dà rẹ̀ kúrò nínú fáìlì, a ti fà á ya lójú gbogbo òṣìṣẹ́, a sì ti lẹ ìwé yìí mọ́ géètì kí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde lè kà á. A ó wà pẹ̀lú yín nínú ètò ìsìnkú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn wẹ́dà ní àwọn ló máa gbé e. Ilé ìlà tí a fẹ́ sọ di yàrá ẹrù kò ní di yàrá ẹrù mọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, igun ọkọ̀ kankan kò ní kúrò lọ́wọ́ wa àfi bí a bá kọ́kọ́ yà á sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó yà á sì fi ìbọ̀sẹ̀ rìn án.

Ohun kan ló kù, ẹ̀bẹ̀ ni. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ṣe tán. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ ti kùn ún tán, àfi ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ní ikùn kẹta, igun ẹ̀yìn lápá òsì. Àmì Bàbá ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún igun náà kàn, wọ́n gé e yí àmì náà ká, wọ́n sì dá a padà sáyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ nù ún, ọkọ̀ kò sì lè wọ omi pẹ̀lú àmì lára. Ọwọ́ tó fà á ti sinmi. Àwọn òṣìṣẹ́ ti jọ sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọwọ́ yín ló kàn. Ọjọ́ tí ara yín bá gbà á ni kí ẹ wá. Bó bá gba oṣù kan, ọkọ̀ yóò dúró dè yín. Bó bá gba ọdún, yóò dúró. A ti ń kánjú tẹ́lẹ̀, a rí ibi tó gbé wa dé. Ìnura mímọ́ kan wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù Bàbá nínú ilé ìlà, ẹ ó bọ́ bàtà kí ẹ tó lọ mú un.

Kí Ọlọ́run tó fa ìlà fún òkun, tó ní ibi báyìí ni kó dé, bá wa fa ìlà sí ẹnu ọ̀nà yín, kí ìbànújẹ́ má lè kọjá rẹ̀. Kí ó jókòó tì yín nígbà tí ilé bá dákẹ́. Kí ó tẹ́ Bàbá sí ibi tí kò ti ní rẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí máa délé bá ìdílé wọn. Àmín.

Àwa tiyín nínú ọ̀fọ̀,
Akọ̀wé ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán,
pẹ̀lú ọ̀gá àgbà, fóòmàn àwọn wẹ́dà, àti àwọn mẹ́rin tó fọwọ́ sí ìwé tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí.